Ta Ni Yóò Se Adìyẹ Náà?

Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde fún sáà 2025/2026 ti dé. Àwọn òbí ti kùn, wọ́n ti ra ìwé, wọ́n ti dákẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ 6 ni wọ́n ní kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ti mú ọ̀kan: iná sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ á mọ adìyẹ sìn, á mọ ẹ̀fọ́ gbìn. Lọ́jọ́ tí adìyẹ bá wá tó pa, tí ẹ̀fọ́ sì tó já, ta ni yóò sè é? Bóyá sólà ni.

Nínú iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní 2011, oúnjẹ sísè wà níbẹ̀. Kò sí nínú 6 yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n fi ṣe ìkeje. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ télọ̀ lè wọ aṣọ tí ẹlòmíràn rán títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ebi kì í béèrè iṣẹ́ tí èèyàn yàn. Gbogbo ọmọ ló yẹ kó mọ oúnjẹ sè, kó sì ti mọ̀ ọ́n kó tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì rárá, ọ̀nà tó sì rọrùn jù ni kí àwọn ọmọ kó ara wọn jọ sídìí ìkòkò, kí wọ́n máa fi ṣeré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ oúnjẹ sísè. Etí kọ́, ìwé kọ́.

Èsì tó wà lẹ́nu gbogbo ayé ni pé ìyá ọmọ ló yẹ kó kọ́ ọ nílé. Ìyá wo? Ṣé èyí tó ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ ní Mówè kó lè bá mọ́tò tó ń lọ Erékùṣù Èkó, tí ọmọ á sì ti sùn kó tó dé? Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ó pín in sí ike, ó tò ó sínú fírísà. Gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ nípa ọbẹ̀ ni pé ó máa ń le bí òkúta kó tó yọ́.

Àwọn tó ń dárúkọ ìyá náà ti gbàgbé bí àwọn fúnra wọn ṣe kọ́ ọ. Wọ́n á da ẹ̀gúsí sórí atẹ lálẹ́, àwọn ọmọ agboolé á yí i ká, àlọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bó ẹ̀gúsí, ẹni tó bá sì ń jù ú sẹ́nu, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, wọ́n ti fi agolo mílíìkì se iyanrìn, wọ́n ti já ewé odán ṣe ẹ̀fọ́, wọ́n ti bù ú fún “bàbá ọmọ” tó jókòó tí ń ṣe bí ẹni ń jẹun. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní ẹ̀kọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ń kọ́ ọmọ ní oúnjẹ sísè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ọmọ á mú ìwé pélébé wálé lálẹ́ Ọjọ́rú pé practical wà lọ́la, kó gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá pẹ̀lú itan adìyẹ méjì. Ìyá á jí sè é ní ìdájí, á rọ ọ́ sínú kúlà, ọmọ á gbé e lọ. Olùkọ́ á tọ́ ọ wò, á tún un tọ́ wò, á gbé èyí tó kù wọ ọ́fíìsì, á wá fún ọmọ ní 18 nínú 20. Ta ló gba máàkì? Ọmọ náà ò fọwọ́ kan nǹkan kan ju ọwọ́ kúlà lọ.

Àwọn tó lówó díẹ̀ ní tiwọn, kíláàsì ìdáná ọmọdé nígbà ìsinmi. Fìlà funfun gígùn, épúrọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí láyà. Ẹlòmíràn ti yan kéèkì sílẹ̀, àwọn ọmọ kàn ń wọ́n ṣúgà aláwọ̀ mèremère sí i lórí, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Iná? Kò sí. Ọ̀bẹ? Rárá o. Ọmọ gba ìwé-ẹ̀rí “ọ̀gá alásè”, ó délé, ó ké sí àǹtí kó wá bá òun din ẹyin.

      

Ọ̀rọ̀ ìkòkò là ń bá bọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú mọ́ínmọ́ín. Ohun tó ń fẹ́ ò pọ̀: ọmọ mẹ́fà tó ti tó ọmọ ọdún 9 sí 11, ẹ̀wà kóńgò kan, abọ́ ńlá méjì, àgbàlagbà kan tó ní sùúrù. Kí wọ́n rẹ ẹ̀wà sómi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ó. Èèpo á léfòó, wọ́n á dà á nù, wọ́n á bu omi mìíràn sí i. Wọ́n á pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n á máa du ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ funfun. Ariwo á sọ. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán, ó ku ewé, ibẹ̀ ni eré wà. Ọmọ á ká ewé eéran kó dà bí àrọ, á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, á bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, á sì jò sí i lẹ́sẹ̀. Ìkejì rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ náà á jò. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìka á ti mọ ibi tó yẹ kó dì mú, kò sì sí ìwé tó lè júwe ibẹ̀ fún un. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ tí kì í fẹ́ rí mọ́ínmọ́ín sójú, ẹ wá wò ó bó ṣe ń ṣọ́ ìkòkò, torí tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ó ti fi òwú pupa sàmì sí i kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì gbé e.

Wọ́n ní iná á jó wọn. Ó lè jó wọn. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ pé kó máa ṣí ìdérí ìkòkò kí ooru rẹ̀ má kọjú sí òun, ọjọ́ tí kò sẹ́nìkan nílé ni yóò dán an wò. Èwo ló sàn? Wọ́n ní gáàsì wọ́n. Àwọn tó ra fìlà alásè fún ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń sọ̀rọ̀ gáàsì.

Wọ́n ní, ọmọkùnrin ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá 2016, olóògbé Ààrẹ Buhari dúró ní Jámánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angela Merkel tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, ó ní ilé ìdáná òun ni ìyàwó òun wà, àti pálọ̀, àti yàrá kejì. Orílẹ̀-èdè hó yèè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó hó náà ò tíì jẹ́ kí ọmọkùnrin wọn fọ abọ́ tó fi jẹun. Tó bá sì di alẹ́, wọ́n á tò sí ìdí sùyà, ọkùnrin ni yóò sì yan án fún wọn. Ní Japan, láti ọdún karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ti jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ miso. Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ló fi í síbẹ̀, irùngbọ̀n ẹnikẹ́ni ò sì tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti hù.

Tiwa wà ní yunifásítì, ọmọ ọdún 19, géńdé. Ó pe ìyá rẹ̀ láti hósítẹ́ẹ̀lì, ó ń béèrè bóyá kí wọ́n tó se ìrẹsì ni wọ́n ń ṣàn án tàbí tó bá jinná tán. Ó gba 18 nínú 20 nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.