Ẹlẹ́rìí Odò Yuba

Ẹni tó bá dúró létí odò Yuba ní Kalifọ́níà lónìí lè rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá àfonífojì náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wúrà ló sọ ọ́ dà báyìí, àwọn máàpù àtijọ́ ló sì ń jẹ́rìí sí i.

Láti 1853 ni àwọn awakùsà ti ń fi omi alágbára wó òkè lulẹ̀ kí wọ́n lè ṣa wúrà inú rẹ̀. Odò ni wọ́n ń da ìyókù sí. Grove Karl Gilbert, onímọ̀ ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1917: èyí tó bá odò Yuba nìkan lọ lé ní 680 mílíọ̀nù kúbíìkì yáàdì. Odò kún fún yanrìn débi pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju òpópónà ìlú Marysville lọ, oko sì bọ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1884, Adájọ́ Lorenzo Sawyer pàṣẹ pé kí àwọn awakùsà yéé da ìdọ̀tí sódò. Ẹjọ́ parí, yanrìn kò parí.

Ẹ tẹ́ máàpù tí wọ́n yà ṣáájú 1941 àti èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, odò tẹ́ẹ́rẹ́ ló gba àárín òkè kọjá. Nínú èkejì, adágún Englebright ti gba ibẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ ìsédò láti dá ìdọ̀tí ìwakùsà dúró. Nísàlẹ̀ odò, lọ́nà Marysville, òkìtì òkúta tí ọkọ̀ awa-wúrà tú sílẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ebè.

USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, ti kó irú máàpù bẹ́ẹ̀ tó lé ní 178,000, láti 1884, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe é re. Àmọ́ máàpù kì í rí gbogbo nǹkan. Kò lè fi mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ hàn, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà nínú ẹrẹ̀ odò. Kò sì lè sọ bí wúrà ṣe lé àwọn Nisenan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kúrò lórí ilẹ̀ wọn.

Ìdájọ́ tiwa rèé: kí ẹnikẹ́ni má gba àṣẹ láti kọ́lé, wa yanrìn tàbí wó ìsédò ní àfonífojì yìí láìjẹ́ pé ó ti fi máàpù àtijọ́ wé tuntun, kó sì ti yẹ ẹrẹ̀ ibẹ̀ wò. Ìjọba tó bá da máàpù àtijọ́ nù nítorí pé tuntun ti dé ti gba ẹni tó ba odò jẹ́ lọ́wọ́ ẹjọ́.