Ẹnu Tí Kò Lè Kọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti olè tàbí ti ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ ènìyàn rere ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń yìn nítorí pé kì í kọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí ilé ara rẹ̀ ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé ni mí ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, kò jìnnà sí Òpópónà Bajulaiye. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni òkìkí rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ké, tí àwọn ọmọkùnrin ń ru bébà lọ sí ibi tí a ti ń gé e. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìn ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà ni a ń tẹ̀. Iwájú tábìlì mi ni a ti ń san àsansílẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí bí ènìyàn ti ń fi ìtìjú ra gbèsè.

Ọmọ olóòkú yóò wọlé, yóò ní kí a tẹ ìwé ètò ìsìn 100, olójú ewé 8, nítorí agbára rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì yóò padà: àbúrò bàbá rẹ̀ ní ewé 8 kéré sí òkú àgbà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ní kí àwòrán àwọn wọ inú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, 100 ti di 500, ewé 8 ti di 24, aláwọ̀ mèremère. Ojú ọkùnrin náà a rẹ̀wẹ̀sì bí ó ti ń fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wí fún wọn pé, ‘Ẹ̀yin bàbá mi, owó kò sí.’

Ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá wí. Èmi tí mo jẹ́ katikíìsì, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní Òfin Mẹ́wàá, ni mo jẹ̀bi jù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù kan ṣoṣo, ẹbí mẹ́ta mú aṣọ ẹbí wá fún mi. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé Bàríga ni ó wọ́n jù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń sin. Mo mú owó tí a fi pamọ́ fún ìdánwò àṣekágbá ọmọbìnrin wa, mo san án, mo rò pé n ó rí òmíràn kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ pé, owó kò pé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, òun jókòó sí ilé fún ọdún kan gbáko. Kò bú mi. Ìyàwó mi nìkan ni ó sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, pé: ‘Bàbá wọn, gbogbo ayé ni ẹ̀ ń ṣàánú. Àwa kò ha sí lára ayé bí?’ Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní egungun.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Èmi tí mo ń fi owó dá aṣọ kiri, gbèsè ni ó wà ní ọrùn tèmi.

Nígbà tí mo padà sínú Bíbélì, mo rí i pé àìsàn yìí ti pẹ́. Sọ́ọ̀lù ọba jẹ́wọ́ fún Sámúẹ́lì pé ẹ̀rù àwọn ènìyàn ni ó ba òun tí òun fi ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ (1 Sámúẹ́lì 15). Ìjọba sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pétérù ń bá àwọn Kèfèrí jẹun ní Áńtíókù, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ó fà sẹ́yìn, Pọ́ọ̀lù sì bá a wí lójú gbogbo wọn (Gálátíà 2). Ṣùgbọ́n ẹ wo Olúwa wa ní Kápánáúmù. Gbogbo ìlú ń wá a; kò padà sọ́dọ̀ wọn, ó kọjá sí àwọn ìlú mìíràn, nítorí iṣẹ́ tí ó bá wá (Máàkù 1). Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn wọn. Ẹni tí ó mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́ kì í jẹ́ kí èrò ọ̀nà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: Pọ́ọ̀lù kò ha kọ́ wa pé kí a máa ṣe ohun tí ó tẹ́ ẹnìkejì wa lọ́rùn (Róòmù 15)? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i, pé kí ó jẹ́ fún ire ẹni náà àti fún ìdàgbàsókè rẹ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún opó, opó ni ó jèrè. Bí mo bá yá owó ra aṣọ kí a má baà sọ̀rọ̀ mi láìdára, orúkọ mi ni mo sọ di òrìṣà, òun ni mo sì ń bọ.

Nínú ìtàn Ìjọ ní Èkó, ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ní 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kúrò ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, tí ó ti ń ṣe olùṣọ́ rẹ̀ láti 1880. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ. Ọ̀pọ̀ wọn jáde, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀. Wọ́n retí pé ẹni tí àwọn tìtorí rẹ̀ jáde yóò ṣe aṣáájú àwọn. Johnson kọ̀. Inú Ìjọ Áńgílíkà ni ó wà títí ó fi kú ní 1917. N kò sọ èyí láti dá ìjọ kankan lẹ́jọ́. Àwọn tí ó jáde ní ìdí tiwọn. Ohun tí mo ń wò ni pé ó rọrùn láti kọ̀ fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n láti kọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ràn wa, tí ó sì jìyà nítorí wa, iṣẹ́ ńlá ni.

Báwo ni a ó ti ṣe é láìsí àfojúdi? Èkíní, tètè kọ̀: ẹni tí ó wí pé ‘n ó wò ó’ nígbà tí ó mọ̀ pé kò sí, ó ti fi ọmọnìkejì rẹ̀ sínú ìrètí asán. Èkejì, sọ òtítọ́. Má ṣe pa àìsàn mọ́ ara rẹ. Ẹ̀kẹta, fi ohun tí o ní rọ́pò ohun tí o kò ní: ẹsẹ̀ rẹ, apá rẹ, àdúrà rẹ. Ẹ̀kẹrin, kí tọkọtaya fohùn ṣọ̀kan nílé kí ẹnikẹ́ni tó ṣèlérí níta.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n mi yìí tún mú aṣọ wá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Owó ìdánwò ọmọ yín ni ó wà lọ́wọ́ mi. N kò lè ra aṣọ, ṣùgbọ́n èmi ni n ó kọ́kọ́ dé, n ó sì to àga.’ Kò dáhùn. Mo lọ, mo wọ agbádá mi àtijọ́, mo to àga, mo sì bá àwọn ọmọdé fọ ìkòkò. Oṣù méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, ó sì dùn mí. N kò ní purọ́ fún yín. Nísinsìnyí a ń kí ara wa, bí kò tilẹ̀ tíì rí bí ti àtijọ́. Ọmọ náà sì ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ní alẹ́ òní, ẹ wo ojú àwọn tí ó bá yín jókòó ti oúnjẹ, kí ẹ sì bi ara yín bí ‘bẹ́ẹ̀ ni’ tí ẹ sọ níta ní ọ̀sẹ̀ yìí kò bá ti di ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ fún wọn. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìgboyà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.