Ẹ Wo Àlàfo Kí Ẹ Tó Pa Á Rẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa dátà tí a ń kó fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa. Bí a bá pín ìwé ìbéèrè fún àwọn ọlọ́jà ní Ọjà Ọba Adó-Èkìtì, tàbí fún àwọn àgbẹ̀ ní Ìyìn àti Ìjerò, àlàfo kò ní ṣàì wà níbẹ̀, pàápàá níbi tí a ti béèrè iye owó tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó. A ó ní kí SPSS tàbí R ṣe regression, èsì á sì dé. Bí a kò bá yí ètò wọn padà, àwọn méjèèjì á yọ gbogbo ẹni tó bá fo ẹyọ kan nínú àwọn ìbéèrè tí a lò.

Ẹ ṣírò ó wò. Ká ní ìbéèrè 10 la lò, tí ènìyàn 5 nínú 100 fo ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn àlàfo náà kò sì bá ara wọn tan. Nǹkan bí 60 nínú 100 ló máa ṣẹ́kù.

Iye nìkan kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ní 1976, Donald Rubin ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Biometrika pé ohun tó fa àlàfo ló ń sọ bóyá a lè gbójú fò ó. Ẹ wo ìwọ̀n ọmọ tuntun nínú dátà NDHS, ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe káàkiri Nàìjíríà. 9996 túmọ̀ sí pé wọn kò wọn ọmọ náà. 9998, pé ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílé ni wọn kì í sábà wọ̀n. Bí a bá yọ wọ́n, ọmọ tí wọ́n bí sílé ìwòsàn ló máa pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní “ọmọ Nàìjíríà”. Bí a bá sì gbàgbé pé àmì lásán ni 9996, kọ̀ǹpútà á kà á sí gíráàmù: ọmọ tuntun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 10!

Àṣẹ kan péré ló máa fi bí àlàfo ṣe tò hàn: md.pattern nínú mice ti R, tàbí misstable patterns nínú Stata. Lẹ́yìn náà, ká fi ọjọ́ orí àti iṣẹ́ àwọn tó dáhùn wé ti àwọn tí kò dáhùn. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà kò lè sọ ìdí tí ìyá ọlọ́jà fi dákẹ́. Àwa tí a dé ọjà la lè kọ ìyẹn sílẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa: ẹ má fọwọ́ sí Orí Kẹta àpilẹ̀kọ kankan tí kò bá ní tábìlì àlàfo.