Àwòrán Kejì Ni Kí Wọ́n Fi Máàkì Sí

Omi òjò tó ń rọ̀ ní Libreville, olú-ìlú Gabon, sún mọ́ mílímítà 3,000 lọ́dún, ó ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Síbẹ̀, ní àdúgbò Venez-Voir tí mo ń gbé, kò sílé tí kò ní kẹ́ẹ̀gì, torí omi ẹ̀rọ lè dá nígbàkugbà. Ìdí nìyẹn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, ọmọ Yorùbá, ọmọ Fang àti ọmọ Punu, fi mú gbígba omi òjò ṣe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wa.

Àwòrán àkọ́kọ́ dùn ún wò: táǹkì onílítà 1,000 lórí òpó irin, ẹ̀rọ tí ń fa omi gòkè, àti òmíràn tí ń pa á bí táǹkì bá kún. Máàkì rẹ̀ ò kéré. A gbé e dé àdúgbò, màmá ará Kétu kan tó ń ta ẹja gbígbẹ wò ó títí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjọ́ tí iná ò bá sí ńkọ́? Ta ni yóò tún un ṣe?"

"A máa kọ́ ẹnì kan, mà."

"Ẹni yẹn ò ní kó lọ ni?"

Bí a ṣe padà sídìí ìwé nìyẹn. Lítà 1,000 omi, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni. Kí lẹ fẹ́ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sókè fún lórí ilẹ̀ amọ̀, nígbà tí páànù ilé ti ga tẹ́lẹ̀? A yọ ẹ̀rọ méjèèjì. A gbé táǹkì ka orí búlọ́ọ̀kù, kó ga tó kí bọ́kẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ ẹnu rẹ̀. A fi páìpù kan gba omi àkọ́kọ́ tó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù, a fi nẹ́ẹ̀tì bo táǹkì nítorí ẹ̀fọn.

Ibi tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ni ti ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, òjò a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rọ̀ rárá. Bí ènìyàn mẹ́fà bá ń lo lítà 20 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, táǹkì náà ò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi gbẹ. Oṣù mẹ́ta ń fẹ́ bíi lítà 11,000. Ọmọ Fang inú wa ní ká to táǹkì pọ̀. Sínú àgbàlá wo, níbi tí a kò tíì ráyè sá aṣọ? A fi gàdàgbà kọ ọ́ sórí àwòrán pé ìgbà tí omi ẹ̀rọ bá dá lásìkò òjò nìkan ni táǹkì yìí wà fún.

Tèmi ni pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́, níbí àti nílé ní Nàìjíríà, fi ìdajì máàkì pamọ́ de àwòrán kejì, èyí tí a yà lẹ́yìn tí àwọn tó máa lò ó ti sọ tẹnu wọn. Wọ́n á ní sáà kúrú. Kí wọ́n dín iṣẹ́ àkọ́kọ́ kù. Ohun tí a yọ nínú tiwa ju ohun tí a fi kún un lọ, kò sì sí ojú kankan nínú ìwé máàkì olùkọ́ fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yọ.