Rélùwéè Àtijọ́: Àwáwí Ìjọba Ti Tán

Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Àwọn kan ní ohun amúnisìn ni, kí ó máa dípẹtà. A kò gbà! Àwọn baba wa ló la igbó, tí wọ́n tẹ́ irin náà. Inú òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Michael Imoudu, akọni ìyanṣẹ́lódì 1945, ti jáde. Ṣé ìtàn òyìnbó nìyẹn?

Àwọn mìíràn ní kò sówó. Ìjọba yáwó lọ́wọ́ Ṣáínà fún ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aládàáni Legacy ló tún Ilé Jaekel ti 1898 ṣe ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ẹgbẹ́ lásán bá lè ṣe é, ìjọba ńkọ́?

Láti 2023, òfin ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ lórí rélùwéè. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, ẹ fi owó ìtọ́jú rẹ̀ sínú ìṣúná! Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí aṣòfin wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.