Èkó sí Salvador: Ta Ló Ní Ká Máa Gba Addis Ababa?

Láti Èkó sí London, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Láti Èkó sí Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, nǹkan bí 5,000 náà ni. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí máàpù. Bàálù ń lọ tààrà sí London lójoojúmọ́. Ẹni tó ń lọ sí Salvador ńkọ́? Ó lè kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn lọ sí Addis Ababa, kó tibẹ̀ fò dé São Paulo, kó tó tún wọ bàálù mìíràn lọ sí Bahia. Ó lé ní 15,000 kìlómítà. Ìlọ́po mẹ́ta! (Ká má tíì sọ ti owó tíkẹ́ẹ̀tì.)

Wọ́n á ní kò sí èrò. A ò gbà. Ta ló fẹ́ rin irú ìrìn yẹn? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn Àgùdà láti Bahia padà wá sí Èkó. Títí dòní, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin nílé òrìṣà àwọn Ketu ní Salvador, inú ìwé nìkan sì ni àwa tí à ń kọ́ èdè náà ní yunifásítì ti ń pàdé wọn.

Ìjọba tó ń pe Brazil ní ìbátan wa, ẹ fi Salvador sínú àdéhùn bàálù, kó má jẹ́ São Paulo nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.