Ó yẹ kí àwọn onílé Ọ̀jọ́ àti Ìbà yẹ omi kànga wọn wò

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ni omi ẹ̀rọ ìjọba kì í dé. Kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ni wọ́n gbójú lé. Bí omi náà bá dọ̀tí, wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i. Bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀, wọ́n á sè é.

Iná a máa pa kòkòrò àìsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú májèlé arsenic kúrò. Májèlé yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá ń mu ún fún ọdún pípẹ́ lè ní jẹjẹrẹ.

Ojú Bangladesh rí i. Láti nǹkan bíi 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kiri níbẹ̀ nítorí ìgbẹ́ gbuuru, àfi ní 1993 tí wọ́n rí i pé arsenic inú ilẹ̀ ti wọ omi. Wọ́n yẹ kànga bíi mílíọ̀nù 4.7 wò, wọ́n sì kun mílíọ̀nù 1.4 ní ọ̀dà pupa. Ẹni tí tirẹ̀ bá pupa, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lọ pọn.

Ẹgbẹ́ onílé tó ń dáwó ra tiransifọ́mà, tó ń sanwó ọdẹ, kò lè ní àyẹ̀wò omi ti wọ́n jù. LASU kò jìnnà sí wọn. Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 kò gba arsenic kọjá mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Kànga tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń sun wáyà àti àlòkù kọ̀ǹpútà ní Àlàbá ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù wò, kí wọ́n sì wá òjé nínú rẹ̀ pẹ̀lú.